Ilé Tí Mo Fi Eérú Yà Sẹ́yìnkùlé

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Kí ìwé yìí bá ọ lórí ìdúró, kí ó má ṣe bá ọ lórí àìsàn. Kí ó bá ìyàwó wa pẹ̀lú ara líle, kí ó sì bá àwọn ọmọ níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rín da ilé rú. Bí o bá béèrè wa, a wà láàyè, ọ̀rọ̀ wa kò tíì sú Ẹni tí ń jí wa láràárọ̀ láìgba owó ọ̀yà. Orúnkún mi ọ̀tún ṣì ń sọ ìgbà tí òjò yóò rọ̀ fún mi kí àwọsánmà tó mọ̀, ìyá rẹ kò sì ríran ju bí o ṣe fi í sílẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó ń jẹun, ó ń kọrin, ó sì ń bá mi jà, nítorí náà a kò ní ẹjọ́ kankan láti rò níwájú Ọlọ́run. Mo ní kí n tètè kọ̀wé yìí lẹ́yìn ìsìn òní, kí awakọ̀ tó ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ yín lọ́la lè bá mi mú un dání, nítorí ọ̀rọ̀ ìkólọ wa ti dé ibi tí tẹlifóònù kò lè gbé mọ́. Bí a bá ti ń dé ojú ọ̀rọ̀ báyìí ni o máa ń sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára, ó sì máa ń dùn mí pé ìlú ńlá bẹ́ẹ̀ kò rí ẹni tún un ṣe.

Láti ọjọ́ tí ìyá rẹ ti ṣubú lẹ́bàá kànga, tí o sì sọ pé a kò gbọdọ̀ dá gbé mọ́, ni mo ti ń dúpẹ́. Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Mo sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó kí wa, títí kan àwọn tí kò béèrè, pé ọmọ mi ti ní kí a máa bọ̀ wá bá òun gbé. Ní ìpàdé àdúrà, mo dìde jẹ́rìí sí i, ìjọ sì ṣe àmín tó rinlẹ̀. Ojú gbogbo èèyàn ti wà lára wa báyìí, a kò sì gbọdọ̀ ṣe ìkólọ yìí wúruwùru.

Nígbà tí o ní kí a wá wo ilé náà nínú fóònù, Káfíńtà ni mo lọ bẹ̀, nítorí òun ni fóònù rẹ̀ ń fi ojú èèyàn hàn. Mo wọ kóòtù tí mo fi ń lọ sí ìsìn, mo ní kí ìyá rẹ wé gèlè, nítorí a kì í wọ ilé onílé ní ìwọ̀kuwọ̀. Káfíńtà ń rẹ́rìn-ín, ó ní Bàbá, ẹ kò lọ síbì kankan, orí àga yín lẹ wà. Mo ní kí ó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, pé ilé tí ojú bá ti wọ̀, ara náà ti wọ̀ ọ́. Bí o ti ń gbé fóònù kiri ni mo ń kí gbogbo ẹni tí mo rí. Obìnrin kan tó wọ aṣọ funfun kọjá, mo ṣí fìlà, mo ní ẹ kú iṣẹ́, kò dá mi lóhùn. Òmíràn náà wọ funfun, ó ń ti ẹnìkan lórí àga tó ní ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, òun náà kò dáhùn. Mo gbà pé iṣẹ́ ló wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Mo wá ń bi ara mi pé kí ló dé tí ọmọ mi fi gba ọmọ ọ̀dọ̀ tó pọ̀ tó báyìí, tó sì tún rán aṣọ kan náà fún gbogbo wọn. Jọ̀wọ́, má ṣe ná ara rẹ tán nítorí wa. Ìyá rẹ ṣì lè fọ abọ́ bí a bá gbé e sí iwájú rẹ̀.

Ilé náà dára, n kò ní purọ́. Irin tí o kàn mọ́ ara ògiri láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí dé òpin rẹ̀, mo mọ̀ pé nítorí ojú ìyá rẹ ni, mo sì sọ fún un, ó mi orí. Bíríkìlà ni mí, ọmọ mi, mo ti ń mọ ògiri fún èèyàn kí a tó bí ọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní kí n ro ti ọwọ́ arúgbó mọ́ ti ògiri rí. Èyí tó wú mi lórí jù lọ ni yàrá àdúrà kékeré tó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀, èyí tí kò ní fèrèsé. Mo rí i bí ilẹ̀kùn rẹ̀ ti ṣí fúnra rẹ̀, tí àwọn èèyàn wọlé, tí gbogbo wọn kọjú síbì kan náà, tí wọ́n tẹ orí ba, tí ẹnikẹ́ni kò bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ilẹ̀kùn padé, nọ́ńbà kan sì ń yí padà lókè rẹ̀. Nígbà tó tún ṣí, àwọn tó jáde kò jọ àwọn tó wọlé rárá. Èyí rú mi lójú díẹ̀, ṣùgbọ́n mo rántí pé ẹni tó bá gbàdúrà dé ojú àmì, kì í jáde bí ó ṣe wọlé. N kò mọ̀ pé wọ́n ṣì ń bẹ̀rù Ọlọ́run tó bẹ́ẹ̀ ní ìlú ńlá.

Nínú gbọ̀ngàn, mo rí àwọn àgbà tí wọ́n jókòó yí ògiri ká, ọkùnrin àti obìnrin, aṣọ ìbora lórí ẹsẹ̀ wọn, ẹgbà tínínrín kan lọ́rùn ọwọ́ kálukú. Mo rò pé àwọn àna wa ni, pé wọ́n ti wá bá ọ múra láti gbà wá. Mo tẹ orí ba fún wọn. Tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tó ń wò ó. Ìyá àgbà kan na ọwọ́ sí ọ bí o ti ń kọjá, ó ń fi orúkọ tí kì í ṣe tìrẹ pè ọ́, o sì yára kọjá. Mo bi ọ́ pé ta ni ìyá yẹn, ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ. Bá mi kí i bí o bá jí láàárọ̀, kí o sì di ọwọ́ rẹ̀ mú díẹ̀. Èèyàn kì í na ọwọ́ bẹ́ẹ̀ lásán.

Nígbà tí Káfíńtà pa fóònù, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ń fi èékánná họ etí tábìlì. Ó ní Bàbá, ẹ má bínú, ṣé kì í ṣe ilé tí wọ́n ń kó àwọn arúgbó sí nìyẹn. Mo ní Káfíńtà, ilé bẹ́ẹ̀ wà fún ẹni tí kò ní ẹnìkan láyé, ìwọ náà ṣáà fi ojú ara rẹ rí i pé ọmọ mi ló ń mú wa kiri inú ilé náà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ó ní kí n dárí ji òun. Mo dárí jì í, mo sì gbàdúrà fún un, nítorí ọmọ tirẹ̀ kì í bẹ̀ ẹ́ wò, ìyẹn ló ń jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ máa rìn ní ibi òkùnkùn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni obìnrin kan pè mí lórí tẹlifóònù, ó ní láti ọ́fíìsì ni òun ti ń pè, pé ìwọ lo fún òun ní nọ́ńbà. Mo dìde dúró dá a lóhùn, gẹ́gẹ́ bí a ti ń dúró nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì ń bi wá ní ìbéèrè kí wọ́n tó ṣe ìrìbọmi fún wa. Ó bi mí bóyá mo lè dá wẹ̀. Mo ní bí omi bá wà. Ó bi mí bóyá mo máa ń gbàgbé nǹkan. Mo ní mo máa ń gbàgbé ẹ̀ṣẹ̀ tí èèyàn ṣẹ̀ mí, bí wọ́n ti kọ́ wa. Ó bi mí bóyá ìyá rẹ máa ń rìn jáde nílé láìmọ ibi tó ń lọ. Mo ní ìyá rẹ kò ríran, síbẹ̀ òun ló máa ń sọ fún mi ibi tí mo fi nǹkan sí. Ó wá bi mí pé ta ni kí wọ́n pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí wa. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ ké pe Ọlọ́run, lẹ́yìn náà kí wọ́n lọ kan ilẹ̀kùn yàrá ọmọ mi. Ó ní ó dára, Bàbá, pé àwọn yóò máa pè ọ́ lórí tẹlifóònù. Ó yà mí lẹ́nu pé tẹlifóònù ni wọ́n fi ń pe ẹni tó wà nínú ilé kan náà, ṣùgbọ́n bí ilé bá tóbi tó bẹ́ẹ̀, ta ni èmi tí n óò bá wọn jiyàn. Ó tún ní kí n wọn ọrùn ọwọ́ wa, pé wọn yóò ṣe ẹgbà tí orúkọ wa wà lára rẹ̀. Mo fi okùn wọn ti ìyá rẹ, ó sì bi mí pé ṣé ní ọjọ́ ogbó yìí ni wọ́n fẹ́ ṣe òun lọ́ṣọ̀ọ́. Mo ní ọmọ rẹ ni. Ó fọwọ́ pa ibi tí okùn náà ti kàn án lára.

Mo wá ro ọ̀rọ̀ náà bí oníṣẹ́ ọwọ́. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni ìyá rẹ fi mọ ilé tí a ń gbé yìí. Ó mọ ibi tí ilẹ̀ ti ga, ó mọ ibi tí ẹnu ọ̀nà ti fún, ó mọ kànga, àfi ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn tí ilẹ̀ yọ̀. Bí a bá gbé e lọ sí ilé tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ̀, yóò tún ṣubú, o sì rántí ohun tí dókítà sọ nípa egungun ìbàdí rẹ̀. Mo gbá ẹ̀yìnkùlé mọ́. Mo na okùn, mo kan èèkàn, mo sì fi eérú ìdáná ya ilé tuntun náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí mo ti rí i nínú fóònù. N kò nílò ẹni tí yóò wọ̀n ọ́n fún mi, mo mọ bí ìṣísẹ̀ rẹ ti gùn tó, bí o sì ti ń rìn kiri ni mo ń fi ọkàn bá ọ kà á. Mo gbé bẹ́ǹṣì sí ibi ibùsùn, mo gbé garawa sí ibi ilé ìwẹ̀, mo na okùn mọ́ àwọn èèkàn gíga kí ó lè dúró fún irin ara ògiri. Láràárọ̀, lẹ́yìn àdúrà, mo ń mú ìyá rẹ lọ́wọ́, a ó wọ ilé eérú náà, a ó máa rìn. Ó ní irú ilé wo ni adìẹ ń la àárín ògiri rẹ̀ kọjá. Mo ní kí ó ní sùúrù, pé ògiri ń bẹ níwájú. Kò pẹ́ tó fi mọ ọ̀nà ibùsùn, ó mọ ọ̀nà ilé ìwẹ̀, ó sì mọ yàrá àdúrà, níbi tí àwa méjèèjì máa ń kọjú síbì kan náà, tí a ó tẹ orí ba, tí a kò ní bá ara wa sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ tó mọ̀ ọ́n tán ni wàhálà dé. Òun nìkan ló rìn ín já, ọwọ́ rẹ̀ lórí okùn, n kò dì í mú, inú mi ń dùn bíi ti ẹni tó wo ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Ni ó bá dúró. Ó ní Bàbá ọmọ mi, mo ti rí yàrá wa, yàrá ọmọ wa ńkọ́. Mo ní òkè ló wà. Ó ní kí ló dé tí ẹ kò yà á. Mo ní eérú kì í gun òkè. Ó ní gbogbo ilé tí ẹ ti kọ́ láyé yín, ṣé ó ṣẹlẹ̀ rí pé ẹ kọ́ ilé kan tán láìbéèrè ibi tí onílé yóò sùn. Kò ṣẹlẹ̀ rí.

Ó wá jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó ní ojú òun ló fọ́, etí òun wà nípò rẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ tí a wo fóònù, bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, òun sì mọ̀ pé láti kékeré ni o kì í wọ bàtà kọjá ẹnu ọ̀nà ibi tí o bá ń gbé. Ó ní o rọ ohùn rẹ sílẹ̀ béèrè lọ́wọ́ ẹnìkan pé ilẹ̀kùn wo ni, bẹ́ẹ̀ èèyàn kì í béèrè ọ̀nà nínú ilé ara rẹ̀. Ó ní òun gbọ́ ikọ́ àgbà lọ́tùn-ún lósì, òun kò gbọ́ ohùn ọmọdé kan. Ó ní àwọn ọmọ-ọmọ òun ńkọ́. Mo ní wọ́n ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ó ní lọ́jọ́ Sátidé kẹ̀.

Mo ṣí ìwé mímọ́, mo kà á fún un, ó gbọ́ ọ tán, ó ṣe àmín, ó ní ṣùgbọ́n ẹ kò tíì dá mi lóhùn. Ó wá sọ fún mi, kì í ṣe pẹ̀lú ìbínú, pé ibi tí òun bá ti ń gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọ òun ni ilé òun. Bí ẹsẹ̀ rẹ bá wà níbẹ̀, ó ní òun yóò bá mi lọ tọkàntọkàn, kódà bí inú eérú ni a ó máa gbé. Bí kò bá sí níbẹ̀, ó ní kí n fi òun sílẹ̀ kí òun kú síbi tí òun ti mọ ọ̀nà kànga.

Ọmọ mi, mo ti ń di ẹrù lọ ní tèmi. Mo ti fi aṣọ wé agogo ara ògiri, mo ti di àwọn irinṣẹ́ mi, bóyá ibì kan yóò wà nínú ilé náà tó ń fẹ́ àtúnṣe. Ìyá rẹ kò di nǹkan kan, àfi aṣọ ìbora kékeré tí o lò kí o tó mọ̀ ọ́n rìn. Ọkùnrin tí o ní yóò máa bá wa ṣọ́ ilé yìí ti wá, òṣìṣẹ́ gidi ni. Ó ti fi ọ̀dà pupa kọ àmì sí ògiri iwájú, ó ka páànù òrùlé, ó wọn ilẹ̀ títí dé ìdí igi òroǹbó. Mo fi ibi tí òrùlé ti ń jò hàn án, ó ní kí n má ṣèyọnu, pé kò ní jò mọ́. Mo ní kí ó máa fún igi òroǹbó ní omi, nítorí a ó máa wá kí ilé lọ́dọọdún. Ó wo ojú mi, ó wá jáde lọ sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù lẹ́yìn ọgbà. Mo lérò pé ìwọ ló ń pè láti yìn ọ́ pé o ní òbí tó lójú àánú.

Ó ku ọ̀rọ̀ agogo. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn nínú ilé tuntun náà, tí o tẹ̀ nínú fóònù lọ́jọ́ yẹn kí a lè gbọ́ bó ṣe ń dún, mo ti sọ fún ìyá rẹ pé yàrá rẹ ló ń dún sí, pé bí a bá ti tẹ̀ ẹ́ ni ìwọ yóò yọ. Mo lọ yá agogo ọwọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ míṣọ́n kí a lè fi kọ́ ọ. Mo fara pamọ́ sẹ́yìn ilé ìdáná. Ó lù ú, mo dáhùn pé mo ń bọ̀, Màámi. Ó tún lù ú, mo tún dáhùn, mo tiẹ̀ sáré díẹ̀ kí ẹsẹ̀ mi lè jọ tìrẹ. Ó wá gbé agogo náà lé itan, ó ní Bàbá ọmọ mi, ẹ jọ̀wọ́, ohùn yẹn ti gbó jù. Láti ìgbà náà, kò lù ú mọ́.

Òjò rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ó fọ gbogbo ilé náà lọ, èèkàn nìkan ló kù. Mo tún eérú kó, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ti tẹ́lẹ̀, ìyá rẹ ní rárá, kí n kọ́kọ́ ya ti ọmọ. Mo gbọ́ràn. Ẹ̀gbẹ́ yàrá tiwa gan-an ni mo fi sí, níbi tí mo ti rí ògiri gbalasa nínú fóònù, mo sì fún un ní ilẹ̀kùn tó kọjú sí tiwa. N kò fi í kéré. Láràárọ̀ ni ìyá rẹ ń lọ dúró níbẹ̀ kí ó tó rìn dé ibòmíràn. Ẹ̀mí mi sọ fún mi pé bóyá ohun tí kò jẹ́ kí n rí yàrá náà lọ́jọ́ yẹn ni pé o kò tíì gbé ibùsùn sí i.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ fún kò pọ̀. Fi owó díẹ̀ rán awakọ̀ yìí padà, kí Káfíńtà lè fi ra ìṣó àti ọ̀dà, kí ó kan ibùsùn kan fún ọ tí a ó gbé bọ̀ pẹ̀lú ẹrù wa. Pákó wà, igi tí mo tọ́jú fún pósí mi ni, n kò sì rí ohun tó yẹ kí n fi ṣe ju ìyẹn lọ. Káfíńtà ní òun kò gba owó iṣẹ́, èyí sì ń bà mí lẹ́rù, nítorí Káfíńtà kì í kan ìṣó kan lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ó bá ṣẹ́kù, kí a fi ra epo àtùpà àti ìpara orúnkún. Lẹ́yìn náà, mo rí i pé ibùsùn méjì tóóró lo gbé sí yàrá wa, tí àyè wà láàárín wọn bí ìgbà tí èmi àti ìyá rẹ bá jà. A kò jà, ọmọ mi. Ìyá rẹ kì í sùn bí kò bá gbọ́ èémí mi. Sọ fún àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ kí wọ́n bá wa sún wọn pọ̀.

Kí Ọlọ́run tí kì í gbàgbé ọmọ má ṣe jẹ́ kí ọmọ gbàgbé rẹ. Ilé tí o bá kọ́, kí o dàgbà sínú rẹ̀. Ọwọ́ tí o bá nà ní ọjọ́ alẹ́ rẹ, kí ó bá ọwọ́ pàdé. Kí àwọn ọmọ tí ń bẹ lẹ́sẹ̀ rẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ nígbà tí irun rẹ bá funfun bíi tèmi, kí wọ́n sì mọ orúkọ rẹ láìwo ọrùn ọwọ́ rẹ. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ, tí ẹrù rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

Mo ti fẹ́ lẹ ìwé yìí kí ìyá rẹ tó dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní kí n fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kún un, kí n sì kọ ọ́ bí òun ti sọ ọ́, kí n má ṣe tún un ṣe. Ó ní kí n bi ọ́ pé bí òun bá tẹ agogo náà, ta ni yóò wá.